Ikán Tí Wọn Ò Kà Sí

Ohun tó kọ́kọ́ fu Ìbíọlá lára ni bí Roméo ṣe yára ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tó pè é.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Ilé ẹ̀kọ́ ti jáde, oòrùn ń mú ganrín-ganrín lórí àwọn òkè tó yí Atakpamé ká, Ìbíọlá sì ń gba àdúgbò Agbonou bọ̀ wálé tòun ti báàgì ìwé lẹ́yìn. Bó ṣe dé ọ̀kánkán ilé Junior, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn kan, ilé alájà kan tí wọ́n kùn ní búlúù, ta ni ì bá rí tó ń jáde láti ibẹ̀ bí kò ṣe Roméo? Roméo tó sọ fún un ní kíláàsì láàárọ̀ pé orí ń fọ́ òun, pé ilé tààrà lòun ń lọ.

"Roméo! Orí fífọ́ náà ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà ta gìrì. Ó bojú wẹ̀yìn wo fèrèsé òkè, ó wojú Ìbíọlá, ó wá fi ọwọ́ bo àpò.

"Há, Ìbí! Ó ti ń fúyẹ́ díẹ̀."

"Ṣé ilé Junior ni wọ́n ti ń ta oògùn orí fífọ́ báyìí?"

"Ìwé ìṣirò ni mo wá gbà."

"Ìwé náà dà?"

"Kò rí i. Jẹ́ ká máa lọ jàre, oòrùn yìí ti pọ̀ jù."

Ìbíọlá bá a lọ, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan mọ́. Roméo tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà, òun náà ò sọ nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lórí àpò yẹn títí wọ́n fi pínyà ní oríta.

Kí ẹni tí kò mọ ohun tó wà láàárín àwọn ọmọ yìí má baà ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Eré káàdì kan ti wọ ìlú, Savane lorúkọ rẹ̀. Àwòrán ẹranko ló wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan: kìnnìún, erin, ẹfọ̀n, ere, àti àwọn ọdẹ tó ń lé wọn kiri. Inú páálí kékeré tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n ń tà á, ẹni tó bá rà á kò lè mọ ohun tó kó sí i àfi tó bá ya á. Oníkálukú á wá ṣa ogójì káàdì nínú ohun tó ní, á fi di ìdì kan, ìdì yẹn ni á gbé lọ bá ẹlòmíràn jà. Ẹ ó máa fa káàdì níkọ̀ọ̀kan láti orí ìdì yín, ẹ ó máa gbé ẹranko sórí tábìlì, wọ́n á sì máa para wọn. Ilé kan wà lẹ́yìn ẹranko oníkálukú; ẹni tí wọ́n bá fọ́ tirẹ̀ ti pàdánù. Ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn fi lè pàdánù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀: bó bá kàn ọ́ láti fa káàdì, tí ìdì rẹ sì ti tán, o ti kú nìyẹn.

Nínú gbogbo káàdì yìí, kò sí èyí tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú tó ikán. Agbára rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹfọ̀n bá kàn sín, ikán ti kú. Àwọn ọmọdé a máa ká a ṣe ọkọ̀ ojú omi nínú àgbàrá. Tàntí Élisabeth, àbúrò ìyá Ìbíọlá, tí Ìbíọlá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ilé ẹ̀kọ́, fi ẹyọ kan ti ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ tó ń mì.

Ìbíọlá nìkan ló jókòó ka ìlà tín-ínrín tí wọ́n fi Faransé kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: bí ikán bá kú, kí ọ̀tá sọ káàdì kan nù láti abẹ́ ìdì tirẹ̀. Àwọn yòókù ka ìlà náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Káàdì kan lábẹ́ ìdì, kí nìyẹn já mọ́? Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú Moretan ni Ìbíọlá, ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó ti rí ohun tí ikán ṣe sí àká bàbá rẹ̀ rí. Òpó àká náà dúró digbí lójú gbogbo ayé, àfi ìgbà tí bàbá fara tì í tó wó lulẹ̀ tàgbàdo-tàgbàdo.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi bisikíìtì gba ikán lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ó tún rí Ayaba Ikán, káàdì mìíràn tí kò sẹ́ni tó ń wò, èyí tó máa ń jí àwọn ikán tó ti kú dìde. Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ pé. Kí ọ̀tá máa pa ikán, kí inú rẹ̀ máa dùn, kó tún pa á, kí ìdì rẹ̀ sì máa jẹ́ jíjẹ lábẹ́, títí tí yóò fi nawọ́ láti fa káàdì tí kò ní bá nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdíje, Junior náà sì wà lára àwọn tó fẹ́ jà níbẹ̀. Ẹni tó bá borí ní Atakpamé ni yóò ṣojú gbogbo agbègbè náà ní Lomé, ìlú etí òkun, nígbà ìsinmi Àjíǹde. Ìbíọlá kò tíì fojú kan òkun rí láyé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: "Bó o bá borí, máa lọ, mi ò ní dá ẹ dúró. Bó ò bá borí, wá bá wa gbin àgbàdo."

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa ikán, Roméo ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìdì tó lè jà kò lè dá a ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa bá a ta á lójoojúmọ́, tí yóò máa wá ibi tó ti sán. Roméo kì í ṣe òṣèré tó gbóná, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Gbogbo sáà yẹn ló fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tàntí Élisabeth, tó ń jẹ ìyà ikán. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ẹnu kan náà ló ti lè jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Roméo wá bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n ta ọwọ́ àkọ́kọ́, Ìbíọlá pa á. Bó ṣe ń to ìdì rẹ̀ padà, ó béèrè bí ẹni tí kò béèrè nǹkan:

"Ìbí, bí ẹnì kan bá gbé akika jáde ńkọ́?"

Akika, ẹranko onípẹ́ tó máa ń jẹ ikán nínú igbó. Ó wà nínú Savane lóòótọ́. Ikán tí akika bá jẹ kò kú o, ṣe ló pòórá. Kò ní jẹ nǹkan kan lábẹ́ ìdì ẹnikẹ́ni, Ayaba ò sì lè jí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé akika kiri? Àfi ẹni tó bá ti mọ̀ pé ikán ń bọ̀.

Ìbíọlá gbójú sókè. "Ta ló ní akika ní Atakpamé yìí?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Kí ló dé tó jẹ́ òní lo rántí béèrè?"

"Ìbí, ìbéèrè ni mo bi ẹ́, mi ò jí adìyẹ ẹnikẹ́ni."

Tàntí Élisabeth tó ń bó iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbé ọ̀bẹ dúró. "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé káàdì lẹ̀ ń ta ni àbí ẹjọ́ lẹ̀ ń rò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Ìbíọlá ò kọjá eyín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Jacqueline bá a níwájú ẹni tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ kíláàsì wọn ni Jacqueline. Kò sí ilé tí kì í wọ̀, kò sì sí ohun tó rí nílé kan tí kì í gbé dé òmíràn.

"Ìbíọlá, ìwọ àti ọkọ ẹ ṣì jọ ń ṣe?"

"Ta lọkọ mi? Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan o. Mo kàn lọ kí ẹ̀gbọ́n Junior lánàá ni. Mo bá Roméo níbẹ̀. Ó gbé kìnnìún rẹ̀ fún Junior."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Ìbíọlá. "Kìnnìún ẹ̀? Ẹyọ kan ṣoṣo tó ní yẹn?"

"Ojú mi báyìí! Wọ́n sì kó akika mẹ́ta sórí tábìlì, wọ́n ń wò ó. Mo ní ta ló tún ń fi akika ṣeré nílé ayé."

Oúnjẹ náà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Akika mẹ́ta. Ìwé ìṣirò tí kò sí. Ọwọ́ tí kò kúrò lórí àpò. Gbogbo rẹ̀ ń tò tẹ̀lé ara wọn lọ́kàn rẹ̀ bí èrò tó ń wọ ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tí Roméo ti ń wo Junior àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókèèrè, àwọn ọmọ tó ní bàtà tuntun. Kìnnìún ló fi sanwó ìwọlé, ikán ló fi ṣe ẹ̀bùn lé e. Ìbíọlá ò bi ara rẹ̀ pé, bó bá jẹ́ pé àṣírí ni Roméo gbé lọ, kí ló tún dé tó fi gbé kìnnìún kún un. Ìfura tó ti jókòó tán kì í fẹ́ kí wọ́n bi í ní ìbéèrè.

Ó rí Roméo lábẹ́ igi níbi tó ti ń mu omi. Ó ku díẹ̀ kó pè é kó bi í lójúkojú. Ó lanu, ó tún pa á dé. Bí mo bá bi í, yóò purọ́ fún mi, ló wí fún ara rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dẹ pańpẹ́.

"Roméo, wá gbọ́. Mo ti yí ọkàn padà. Erin ni màá gbé lọ sí ìdíje. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Roméo wò ó lọ títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó ṣẹ́jú kan sí i.

"Erin? Ó dáa. Erin ni."

Kí ló ń ṣẹ́jú sí? Ìbíọlá ronú lé e títí dé ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bó ṣe ń wọ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, Junior àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jókòó sórí ògiri.

"Ìbíọlá, rọra o!" ni Junior pariwo. "Mo gbọ́ pé erin ń bọ̀ láti Moretan. Má jẹ́ kó tẹ ilé wa fọ́ o!"

Ẹ̀rín sọ. Ìbíọlá ò wẹ̀yìn. Ó ti rí ohun tó ń wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ̀rọ̀ erin fún, ọ̀rọ̀ náà ló ti dé etí Junior yìí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tó délé ní ọ̀sán, ó tú ìdì rẹ̀. Ó yọ gbogbo ikán kúrò, ó yọ Ayaba, ó kó wọn fún àwọn ọmọ Tàntí Élisabeth, inú wọn dùn dé etí. Ó wá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Jacqueline lọ, ó tọrọ kìnnìún àti ẹfọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi di irú ìdì tí gbogbo ayé ń dì. Ìdì tó lágbára ni. Kò ní àléébù, àfi pé kò mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ ti ikán.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní kí gbogbo òṣèré wá fi ìdì wọn sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́. Tọ́ntọ̀n Eugène, olùkọ́ tó ń bójú tó ìdíje, gba ti Ìbíọlá, ó sì fi rọ́bà dè é.

"Ó dá ẹ lójú? Bí mo bá ti dè é báyìí, kò sí àyípadà mọ́."

"Ó dá mi lójú, Tọ́ntọ̀n."

Roméo ń dúró dè é níta. Ó ń já fáfá, bí ẹni tí nǹkan dùn mọ́ tó ti ń pa á mọ́ra tipẹ́.

"Ìbí! O ti fi í sílẹ̀? Wọ́n ti dè é? Ó dáa, wá, mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ fún ẹ."

"Lọ sọ ọ́ fún Junior."

"Kí lo wí?"

Ìbíọlá ti na ọwọ́ sí alùpùpù kan tó ń kọjá, ó ti gùn ún. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn lójú ọ̀nà, Roméo ṣì dúró síbi tó fi í sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn náà kún dẹ́múdẹ́mú. Kìnnìún àti ẹfọ̀n ṣiṣẹ́. Ìbíọlá borí ẹni àkọ́kọ́, ó borí ọmọ ìlú Elavagnon kan, ó sì borí ẹni tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n pe àṣekágbá, òun àti Junior ló kù. Roméo wà lẹ́yìn pátápátá, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìbíọlá rí i. Ó ń wo bí akika yóò ṣe bọ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ Junior, kí òun lè nàka sí ọ̀dàlẹ̀ náà lójú gbogbo èèyàn.

Ó gbé kìnnìún sílẹ̀. Junior gbé ọdẹ lé e.

Ọdẹ kì í bá ẹranko jà. Ìbọn ló ń yìn. Ẹranko ńlá yòówù tó bá wà lórí tábìlì, ó kú nìyẹn. Ìbíọlá gbé ẹfọ̀n. Junior tún gbé ọdẹ. Kìnnìún kejì, ọdẹ. Ìbíọlá kò rí ìdì tí ọdẹ pọ̀ nínú rẹ̀ tó báyìí rí. Ó ń dúró de akika, akika ò wá. Kò pẹ́ tí tábìlì rẹ̀ fi ṣófo, tí ẹranko Junior rìn wọlé rẹ̀, tí wọ́n fọ́ ọ.

Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Junior na ọwọ́ sí i, inú rẹ̀ dùn débi tí kò fi lè pa ẹnu mọ́.

"Erin ni mo kó gbogbo ọdẹ yìí dè, o wá gbé kìnnìún wá! Ó ṣáà jẹ́ ẹran ńlá náà ni. Roméo ló ṣe mí lóore."

Ìbíọlá dìde. Ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó lọ dúró síwájú Roméo.

"Ọ̀dàlẹ̀! Jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ o. O tà mí fún un!"

Roméo ò dìde. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó fọhùn.

"Ìbí, ikán dà?"

"Èwo ni ikán?"

"Ikán tá a jọ fi gbogbo sáà yìí kọ́. Mo ń wò ó, mo ní yóò jáde báyìí, yóò jáde báyìí. Ibo ló wà?"

"Mo yọ ọ́. Nígbà tó o ti ní kí Junior fi akika dè mí ńkọ́?"

Roméo ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó akika mẹ́ta jáde, ó tẹ́ wọn sórí itan rẹ̀.

"Gbogbo akika tó wà ní ìlú yìí nìyí. Mo wádìí kiri, Junior nìkan ló ní in, kò sì mọ ohun tó wúlò fún. Mo fi kìnnìún mi gbà á kí akika má baà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ojú fèrèsé ló wà tó ń wò wá lọ́jọ́ tó o pè mí lójú títì. Ṣé kí n wá gbé e jáde níṣojú rẹ̀, kó mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀? Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìdì ẹ ná, kí ọ̀rọ̀ má baà jáde, kí n tó sọ fún ẹ. Lánàá ni mo fẹ́ sọ ọ́."

Ìbíọlá wo akika náà. "Erin ńkọ́? Èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ, o lọ sọ fún un."

"O ò lè fi ikán sílẹ̀, mo mọ̀ ẹ́. Nígbà tó o ní erin, mo ní Ìbí fẹ́ kí n lọ fi èyí tan Junior jẹ ni. Mo ṣẹ́jú sí ẹ, mo rò pé a ti gbọ́ra wa yé. Ọdẹ ò lè yìnbọn fún ikán, Ìbí. Ká ní ikán lo gbé wá, gbogbo ọdẹ yẹn ì bá di páálí lásán lọ́wọ́ rẹ̀."

Jacqueline ti wá ọ̀nà ẹ̀yìn gbà jáde. Roméo dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

"O gbọ́ tẹnu Jacqueline. O dẹ pańpẹ́ fún mi. Èmi tá a jọ ń jókòó lójoojúmọ́, o ò bi mí."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Junior ló lọ sí Lomé. Kí Ìbíọlá tó wọ ọkọ̀ Moretan, ó lọ bá Roméo nílé, ó sì bẹ̀ ẹ́. Kò di ẹ̀bi náà ru Jacqueline, kò ní èṣù ló ṣe é. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì pè ẹ́ ní ohun tó ò jẹ́ lójú èèyàn. Má bínú." Roméo gbọ́, ó mi orí. "Mo ti gbọ́, Ìbí. Kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n má tíì gbé káàdì wá." Ìbíọlá rò pé ìjà ì bá sàn ju èyí lọ.

Ní Moretan, bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ ihò síwájú, òun ń ju àgbàdo sí i lẹ́yìn. Ó rò ó fún bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá ò dá iṣẹ́ dúró.

"Bó o ṣe rí i tó jáde nílé ọmọ yẹn, kí lo bi í?"

"Mo bi í pé ìwé dà."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́."

"Kí ló ná ẹ láti bi í?"

Ìbíọlá ju àgbàdo sí ihò tó kàn.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, kò burú kí ara fu ni. Ẹni tí ara kì í fu rárá, wọn a máa rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n bí ara bá fu yín sí ọ̀rẹ́, ẹ lọ bá a, ẹ bi í lójúkojú, kí ẹ tó gba ohun tí ẹnu kan gbé wá, kí ẹ sì tó fi ọwọ́ ara yín tú ohun tí ẹ jọ kọ́. Bó bá purọ́ fún yín, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Bó bá sọ òótọ́, ọ̀rẹ́ yín ṣì wà. Ìbíọlá ò béèrè, ó pàdánù Lomé, èyí sì ni ó kéré jù nínú ohun tó pàdánù. Ìdíje mìíràn yóò dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ní ti Roméo, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń kí i lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tàntí Élisabeth sì ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Ìbíọlá ń retí rẹ̀.